Ẹni Tí Kò Ní Igbà Lẹ Ń Rán Lọ

Ẹ̀yin ará Adja-Ouèrè, ẹ̀yin ti Ikpinlè, ẹ̀yin ti Massè, ti Kpoulou, ti Oko-Akaré àti Tatonnonkon, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò dùn, mi ò sì ní fi oyin sí i lẹ́nu. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ti wà lọ́jà yìí ọjọ́ pẹ́, orí ọmọ ń wọ́ lójú mi, mo ń wojú àwọn àgbà ẹgbẹ́ mi pé bóyá ẹnìkan nínú wọn á la ẹnu. Wọn ò là á. Ó wá kàn mí.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bá wa gun igi ni. Akọ̀pẹ tó ń gun ọ̀pẹ lọ gé ìdì ẹyìn, ọmọkùnrin tí ẹ ń ké sí pé kó wá dá ẹ̀ka máńgòrò tó ń fọwọ́ pa páànù ilé yín, ẹni tó ń gun ìrókò ẹ̀bá ọ̀nà lọ gé apá rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìdí. Mélòó nínú wọn ló kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́? Mélòó ló ní okùn tó tó fi ẹ̀mí rọ̀?

Lọ́jọ́ kan, lójú ọ̀nà Massè, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìdí ọ̀pẹ. Kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó ti fi àdá kọ́ èjìká, ó ń ká igbà rẹ̀ mọ́ ara ọ̀pẹ. Mo ní kó dúró, kó gbé igbà náà wá kí n wò ó. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí bàbá mi ti máa ń ṣe. Ibi tó máa ń fara gbo ọ̀pẹ ti tú yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ bí irun àgbàdo. Ibi tó ti já, wáyà iná ló fi so ó pọ̀, ó sì wá fi ọ̀rá dúdú wé e kí ojú má bàa rí i. Mo ní, “Ọmọ mi, ta ló kọ́ ọ ní ìdè yìí?” Ó ní, “Bàbá, kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni.” Mo ní ta ló ni ọ̀pẹ. Ó dárúkọ àgbàlagbà kan tí èmi àti ẹ̀ jọ máa ń jókòó níwájú níbi ìpàdé. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ọmọ náà lójú mọ́.

Mo ní kó má gùn. Ó ní bí òun ò bá gùn, òun ò ní jẹun lálẹ́. Mo tú gbogbo owó tó wà lápò mi fún un, ó dúpẹ́, ó ká igbà rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá ní ọjọ́ kẹta, kò sí ìdì ẹyìn kan lórí ọ̀pẹ náà mọ́. Ó ti padà wá gùn ún.

Ìwọ olóko, ìwọ ni mo ń bá wí. Bí o bá fẹ́ yá kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn gùn lọ sí Pobè, o máa tẹ bíréèkì rẹ̀ wò. O máa wo táyà. Ọmọ ọlọ́mọ tó fẹ́ gun ọ̀pẹ rẹ, tó máa gbé èrè rẹ sọ̀kalẹ̀ wá fún ọ, o ò lè na ọwọ́ kan igbà rẹ̀! Bí ó bá já bọ́, o máa ní ayé ló ṣe é. O máa ní kí wọ́n lọ bi ifá léèrè. Igbà tó gbó ló já, bàbá. Ifá kò ní nǹkan míràn láti sọ síbẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọmọ kì í dédé dìde gun ọ̀pẹ. Bí bàbá bá ń kọ́ ọ níṣẹ́, o lè lo ọdún kan gbáko nílẹ̀. Wàá máa ṣa èso tó já bọ́, wàá máa ru ìdì ẹyìn, wàá sì máa hun igbà. Igbà tí o bá hun, bàbá á fi ẹsẹ̀ tẹ etí rẹ̀ kan, á fi ọwọ́ méjèèjì fa èkejì títí iṣan ọrùn rẹ̀ á fi yọ. Bí ó bá rọ̀, á ní kí o tú u. Ọjọ́ tí o bá kọ́kọ́ gùn, o ò ní ju èjìká bàbá lọ, wàá sọ̀kalẹ̀, wàá tún gùn. Kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀yìn àdá lu ara igi náà, wọ́n á tẹ́tí: igi tí inú rẹ̀ ti jẹrà, ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n á yí i po wò bóyá ọdán ti dì mọ́ ọn, nítorí ibi tí gbòǹgbò ọdán bá dì mọ́ ọ̀pẹ ni ejò fẹ́ràn láti ká sí. Wọ́n á wòkè fún oyin. “Igi gánganrán má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó”: àwọn baba tó pa òwe yìí máa ń dúró wo igi gidi kí wọ́n tó sún mọ́ ọn.

Ẹ̀yin àgbà akọ̀pẹ tó kù, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Ẹ mọ gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí jù mí lọ. Ta lẹ fi kọ́? Ẹ ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ gbọ́. Àwọn kan ò fẹ́ gbọ́ lóòótọ́, mo máa tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí ọmọ wá bá nínú yín, tó ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ gbé ìgò ọtí sódàbì mẹ́ta wá, tó mu ún tán, tí kò sì fi ohunkóhun hàn án. Ẹ tún máa ń fún wọn ní oǹdè kí wọ́n so ó mọ́ apá kí wọ́n má bàa já bọ́. Ẹni tó bá fẹ́ so oǹdè kó so ó. Kó tú igbà tó gbó kúrò lọ́rùn ọ̀pẹ kó tó so ó.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù, tó mú kí n mú bírò.

Ní àkókò kan, ìwé ìpè dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní agbègbè wa. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, àwọn tó ni ín mọ ara wọn. Ìwé náà ní kí wọ́n fi èèyàn méjì ránṣẹ́ sí ibi ìpàtẹ irinṣẹ́ oko ní ìlú ńlá kan, pé wọ́n á fi bí a ti ń gun igi láìfi ara pa kọ́ wọn fún ọjọ́ mélòó kan. Owó ìrìnnà wà níbẹ̀, owó oúnjẹ wà níbẹ̀, ibùsùn wà níbẹ̀. Àwọn akọ̀pẹ inú ẹgbẹ́ náà kò ju márùn-ún lọ, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Ta ni wọ́n rán lọ? Wọ́n rán àbúrò ìyàwó akọ̀wé. Wọ́n rán ọmọ ẹ̀gbọ́n akápò. Àwọn méjèèjì kò tíì gun igi ìbẹ́pẹ rí láyé wọn.

Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Wọ́n gbé fìlà bọ̀, wọ́n gbé ẹ̀wù funfun tí wọ́n kọ nǹkan sí láyà bọ̀, fọ́tò kún inú fóònù wọn. Mo pe ọ̀kan nínú wọn. Mo gbé okùn lé e lọ́wọ́, mo ní kó fi ìdè tí wọ́n kọ́ wọn hàn mí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé tí wọ́n pín fáwọn wà nílé.

Irinṣẹ́ tí wọ́n fi rán wọn sí ẹgbẹ́ ńkọ́? Okùn gígùn kan, tó nípọn, tó mọ́, irú èyí tí akọ̀pẹ lè lò fún ọdún bíi mélòó kan tí kò ní já. Mo rí i lójú ara mi ní ẹnu kànga ilé akọ̀wé. Wọ́n so korobá mọ́ ọn, wọ́n fi ń fa omi. Ìgbànú tí agungi ń dè mọ́ ìbàdí àti itan, wọ́n fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago. Àwọn akọ̀pẹ márààrún ṣì ń fi wáyà iná so igbà.

Ẹ dákun, kí ni ká pe èyí? Èmi pè é ní olè. Ẹni tó jí owó àpò ẹlòmíràn, ó lè rí i dá padà. Ẹni tó jí ẹ̀kọ́ tó yẹ kó gba ẹ̀mí ẹlòmíràn là, tí onítọ̀hún sì já bọ́, kí ló fẹ́ dá padà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbi irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ fún yín, nítorí ó jọ pé ẹ rò pé ibi àríyá ni. Ẹni tó ń ta okùn á gbé okùn lé ọ lọ́wọ́. O lè fà á, o lè so ó, ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé kó tó já wà ní kíkọ síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń gbé odidi igi nàró sínú gbọ̀ngàn, agungi á gùn ún lójú gbogbo èèyàn, á máa ṣàlàyé bí ó ti ń gùn. Ẹni tó ti fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ náà á dúró ti ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ lánàá, á máa béèrè ìbéèrè, ojú ò ní tì í. Ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú igi tí wọ́n ń pè ní International Society of Arboriculture ti wà láti ọdún 1924. Ní 1976, ní ìlú St. Louis, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje igi gígùn, wọ́n sì ń ṣe é títí dòní.

Apá kan wà nínú ìdíje náà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Wọ́n á gbé ère kan tó wúwo bí èèyàn sórí igi, bí ẹni pé agungi ti fara pa, tí kò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Olùdíje á kọ́kọ́ wo igi àti ibi tí ewu wà, á pariwo pé kí wọ́n wá ìrànlọ́wọ́, á gùn lọ bá a, á so ó mọ́ ara rẹ̀, á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí àkókò tó tán. Wọ́n gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gun igi bí kò bá sí ẹlòmíràn nílẹ̀ tó lè gùn lọ gbé e. Ní Adja-Ouèrè, bí oyin bá ta akọ̀pẹ dákú sórí ọ̀pẹ, ta ló máa gùn lọ gbé e? A ó kó ara wa jọ sí ìdí ọ̀pẹ, a ó máa ké.

Ohun míràn tí wọ́n ń kọ́ wọn ni pé kí ayùn tó kan igi, okùn méjì ló gbọ́dọ̀ mú ọ. Bí ayùn bá ṣèèṣì já ọ̀kan, èkejì á dì ọ́ mú. Ẹ wá wo tiwa. Igbà kan ṣoṣo, àdá tó mú bí abẹ sì ń lọ ń bọ̀ ní ìwọ̀n apá kan sí i. Mi ò ní kí a da igbà nù, ọgbọ́n baba wa ni, ó gbé wọn gòkè fún ọ̀pọ̀ ìran. Okùn kejì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, èyí tí wọ́n gbé lọ so mọ́ korobá.

Bí ẹ bá ní ti òyìnbó ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́dọ̀ wọn, ká lọ sí Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń gun igi àgbọn bí a ti ń gun ọ̀pẹ. Ní ìpínlẹ̀ Kerala, agungi wọ́n títí tí àgbọn fi ń gbó sórí igi láìrí ẹni gé e. Àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ iṣẹ́ náà, wọ́n ní iṣẹ́ ẹni ẹ̀yìn ni. Ẹ ò rí i pé ó jọ tiwa? Ní 2011, àjọ tó ń bójú tó àgbọn níbẹ̀ dá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ èèyàn. Wọ́n á kọ́ ọ bí a ti ń fi ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ gun igi, wọ́n á fún ọ ní ẹ̀rọ náà, wọ́n á sì ṣètò owó ìdójútòfò fún ọ bí o bá fara pa. Wọ́n sọ orúkọ àwọn tó kọ́ ọ ní ọ̀rẹ́ igi àgbọn. Àwọn obìnrin wọlé, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n ń gùn ún, wọ́n ń fi bọ́ ọmọ.

Ẹ má sì sọ fún mi pé a jìnnà sí ìmọ̀. Pobè tó bá wa pààlà ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ wà láti ọdún 1922. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pẹ tuntun tó ń tètè so ti ń jáde lọ sí gbogbo ilẹ̀ yìí. Ẹ máa ń lọ síbẹ̀ lọ ra irúgbìn. Ẹ kì í béèrè bí a ti ń tọ́jú ọ̀pẹ náà tó bá ga tán. Nítorí ẹ ò béèrè, ẹ jẹ́ kí akọ̀pẹ máa gé imọ̀ rẹ̀ bó ti wù ú, ó ń gé e títí yóò fi ku bíńtín lórí bí irun orí ọmọ tuntun, ẹ sì ń ráhùn pé ọ̀pẹ kò so. Ọ̀pẹ tó ti dàgbà ń fẹ́ imọ̀ bíi 32 sí 40 lórí rẹ̀. Imọ̀ ló fi ń jẹun.

Bákan náà lẹ ṣe ń ṣe máńgòrò. Ẹ̀yin èèyàn Ikpinlè, mo ti rí èyí tí ẹ gé lẹ́bàá ọjà, tí ẹ dá gbogbo apá rẹ̀ sí kùkùté. Ọmọ náà fi àdá bu ẹ̀ka láti òkè, ẹ̀ka ya, ó fa èèpo ara igi sọ̀kalẹ̀ títí dé àárín. Ojú egbò náà gùn tó apá mi. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ á kọ́kọ́ fi ayùn kan ẹ̀ka náà lábẹ́ díẹ̀, á wá gé e láti òkè níwájú ibẹ̀ kí ẹrù rẹ̀ lè kúrò, lẹ́yìn náà ló máa wá gé kùkùté tó kù. Kò ní gé e gba ara igi, kò sì ní fi í sílẹ̀ gbọọrọ. Ibi tí ẹ̀ka ti yọ lára igi máa ń wú díẹ̀ bí ọrùn ọwọ́ ẹ̀wù. Ìta ibẹ̀ gan-an ni yóò gé e sí. Ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Alex Shigo, la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi wò láti mọ ìdí rẹ̀. Ó rí i pé egbò igi kì í jinná bí egbò ara wa. Igi máa ń mọ ògiri yí egbò náà ká ni, kí ìjẹrà má bàa wọlé. Bí ẹ bá gé ọrùn yẹn dànù, ẹ ti ba ibi tí ògiri yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀ka tó bá wà nítòsí wáyà iná SBEE ńkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ránṣẹ́ pe àwọn tó ni iná. Ẹ̀ka tútù ń gbé iná.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, ẹ máa ń jó. Láti 1985 ni Benin ti ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀ fún igi. Àwọn ará mérì á wá, àwọn ọmọ ilé-ìwé á tò, a ó gbin igi, a ó pàtẹ́wọ́. Ó dára. Igi tí a gbìn lọ́dún náà lọ́hùn-ún ti ga báyìí, ẹ̀ka rẹ̀ gbígbẹ wà lórí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Ta lẹ yàn láti máa gùn ún wò? Ẹ̀yin ará mérì, owó ìlù ọjọ́ kan náà tó láti ra okùn méjì àti akoto mẹ́rin.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó kàn yín. Ẹ ní iṣẹ́ akọ̀pẹ ń ti yín lójú, alùpùpù zémì lẹ fẹ́ gùn. Zémì kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ránṣọ kọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì pa ewúrẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹni tó ń mọlé kọ́ ọ. Ẹni tó ń dirun kọ́ ọ, ó gbàwé ẹ̀rí. Ẹ̀yin nìkan lẹ rò pé iṣẹ́ tó lè pa èèyàn níṣẹ̀ẹ́jú kan ni a lè fi ojú lásán kọ́. Àwọn tó sì ń gùn ún nínú yín, tí ẹ máa ń da sódàbì sọ́fun kí ẹ tó gùn pé ó ń lé ẹ̀rù, ẹ̀rù yẹn ni olùkọ́ kan ṣoṣo tí ẹ ní, ẹ sì ń lé e lọ. Ẹni tó bá gungi kọjá ewé, ilẹ̀ ló ń bọ̀.

Mo ti bínú tó. Ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Àwọn akọ̀pẹ tó kù, ẹ kó ara yín jọ lọ́jọ́ ọjà Ikpinlè, kí ẹ yan ọmọ méjì méjì tí ẹ ó máa kọ́. Olóko, kí ẹ máa béèrè igbà kí ẹ tó béèrè ẹyìn. Akọ̀wé, ẹ tú korobá kúrò lára okùn yẹn lónìí, kí ẹ gbé e fún ẹni tó ni ín, bó bá ṣì lágbára.

Ìwé ìpè míràn ń bọ̀, ó pẹ́ ni, ó yá ni. Bí ẹ bá ti ka orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ rán lọ jáde nínú ìpàdé, èmi yóò dìde. Èmi yóò ní kí onítọ̀hún lọ sílé lọ gbé igbà rẹ̀ wá, kí n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò níwájú gbogbo yín. Ẹni tí kò bá ní igbà, kó jókòó.